Nígbà Tí A Ń Fi Ẹnu Pe Nọ́ńbà

Káyọ̀dé ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nílùú Benin yìí. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, n óò sì dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n òun ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ni bàbá arúgbó tó ń jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ẹ ń pè ní Dádì, tó máa ń gbọ́wọ́ lé yín lórí bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìdánwò. Ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀. Ojú tí ẹ fi ń wò ó kọ́ ni èmi fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ fa àga yín sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ fi Pidgin dá mi lóhùn, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti gba kámú lórí ìyẹn. Yorùbá ni mo fi pọn ìyá Tọ́miwá, Yorùbá ni mo fi bá a wí, síbẹ̀ èdè òyìnbó ló ń bá ọmọ tirẹ̀ sọ ní àdúgbò Uwasota níbí. Ayé tó ti lọ kì í gbọ́ ìpè.

Tọ́miwá ọmọ ọmọ mi yìí náà ló tú egbò mi lánàá. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, iṣẹ́ tí èmi náà ṣe kí a tó bí i. Mo gbé tíì lọ fún un nínú yàrá, mo bá a níbi tó ti tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà náà rò ó díẹ̀, ó kó ètò jọ di odindi, nọ́ńbà gígùn kan sì yọ nísàlẹ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Ta ló pe nọ́ńbà yẹn?"

Ó wò mí. "Call am how, Grandma?"

"Mo ní ta ló fi í síbẹ̀?"

"Nobody. E dey carry am by himself." Ó rẹ́rìn-ín. "Grandma, you don start again o."

Ṣùgbọ́n ó fi sùúrù ṣàlàyé. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ ni wọ́n ń kó sínú àká kan. Ẹnikẹ́ni tó bá yí ohunkóhun padà, bó kéré bó tóbi, àká náà yóò tọ́jú orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣe é, yóò sì fún àyípadà náà ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó ètò jọ fún oníbàárà, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò lọ mú nọ́ńbà yẹn wá láti inú àká, tí yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ètò lára. Ọwọ́ ènìyàn kò sí níbẹ̀. Ètò méjì tó yàtọ̀ kò lè máa jẹ́ orúkọ kan náà. Mo wá bi í pé bí ẹnì kan bá yọ́ nǹkan yí padà ńkọ́, tí kò kó o wọ inú àká? Ó ní ẹ̀rọ yóò fi àmì kan sí ìdí nọ́ńbà, àmì tó ń sọ pé ètò yìí kò mọ́, pé ọwọ́ kan ti kàn án tí ẹni tó ni ọwọ́ náà kò tíì jẹ́wọ́.

Mo gbàgbé pé tíì wà lọ́wọ́ mi. Ó tutù síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nígbà tiwa. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Airport Road ni ọ́fíìsì wa wà, wọ́n sì ń ta ọ̀dà ìkunlé nísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé òórùn ọ̀dà la fi ń jẹun ọ̀sán. Bí ọkọ̀ òfurufú bá ń balẹ̀, gíláàsì fèrèsé á máa gbọ̀n, gbogbo wa á gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ìka wa ni yóò fa ọkọ̀ náà ṣubú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìgbà yẹn kì í ṣe oníwà pẹ̀lẹ́ bí tòní. Ó ń ké bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ páànù. Bí iná bá lọ, àpótí tó ń gba iná pamọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí ké, tín-ín, tín-ín, a ó sì máa sáré fi ohun tí a kọ pamọ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sáré ká aṣọ lójò. Àwa èwe ìgbà náà gbádùn ìpayà yẹn. N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Yàrá Tọ́miwá dákẹ́ bí ibi tí wọ́n tẹ́ òkú sí.

Ọ̀gá wa jẹ́ ọmọ Benin, ọkùnrin tó sanra, tó ní ìgbéraga, tó sì fẹ́ràn iṣẹ́. Osagie ni aláwàdà wa. Eruku pupa ìlú yìí bo dísíkẹ́ẹ̀tì kan nígbà kan, àwo pẹlẹbẹ tí a ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, ni Osagie bá fi ọṣẹ àti kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́, ó sá a sórí fèrèsé. Iṣẹ́ oṣù kan bá omi ọṣẹ lọ. Ọ̀gá kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há. Osagie ní, "Oga, at least e clean." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn. Èmi nìkan ni obìnrin tó ń kọ ètò níbẹ̀. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, kò sì sí ọkùnrin kan nínú wọn tó lè kọ́ mi ní nǹkan kan.

Èmi ni mo mú Káyọ̀dé wọ ibẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni, èmi jẹ́ Ìjẹ̀ṣà. Ṣọ́ọ̀ṣì la ti pàdé. Kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ilé mi ló ti ń jẹun alẹ́. Bó bá ti ń bọ̀ ló ti ń ké láti ìta pé, "Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, kí lẹ sè?" Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà.

Ọjọ́ ọdún wa ni ìrọ̀lẹ́ Friday. A kì í gbé ètò jáde fún oníbàárà kankan láìjẹ́ pé a pe nọ́ńbà rẹ̀. Ọ̀gá á ra bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà yíyan, a ó kóra jọ sí bákónì, ẹni tó kọ ètò á dìde dúró, á gbé dísíkẹ́ẹ̀tì sókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Osagie á dìde bí agbẹjọ́rò.

"Who born this pikin?"

Èmi á ní, "Èmi ni mo bí i."

"Wetin be him name?"

N óò pe nọ́ńbà náà ketekete. Ọ̀gá á fi èdè Edo súre fún ètò náà, kó má ṣe dójú tì wá, kó má ṣe pa oníbàárà lẹ́kún, gbogbo wa á sì máa ṣe àmín bíi tiwọn pé, "Isẹ!" Lẹ́yìn náà ni n óò jókòó, n óò fi ìka ara mi tẹ nọ́ńbà yẹn sínú ètò, n óò tẹ orúkọ mi tẹ̀ lé e. Ọ̀gá fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìwé yòówù tí ètò náà bá tẹ̀ jáde, nọ́ńbà àti orúkọ ẹni tó bí i á wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké. Lẹ́yìn ìyẹn ni a tó lè fọwọ́ kan ẹ̀pà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, a kì í fi ìkánjú ṣe é.

Lọ́jọ́ kan Osagie fúnra rẹ̀ dìde, ó pe nọ́ńbà tó ti fún ètò mìíràn tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo gbá a mú. Mo ní, "Osagie, ọmọ rẹ méjèèjì ló ń jẹ́ Osas? Bí o bá pe ọ̀kan wá jẹun, àwọn méjèèjì ni yóò jáde." A kò fún un ní ẹ̀pà títí ó fi lọ ṣe àtúnṣe. Ẹ wo bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn! Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ohun tí yóò pa mí.

Nítorí kí ló wà lẹ́yìn gbogbo ayẹyẹ yẹn? Kò sí nǹkan kan. Ọwọ́ la fi ń tẹ nọ́ńbà. Kò sí àká, kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnikẹ́ni. Ìtìjú ni àká wa. A gbà pé kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ yóò le tó bẹ́ẹ̀ láti fọwọ́ kan ọmọ ẹlòmíràn kó má sì sọ.

Mo kọ ètò kan fún ilé ìwé aládàáni kan ní ojú ọ̀nà Ekiadolor, èyí tó ń ṣírò máàkì àwọn ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Mo pe nọ́ńbà rẹ̀, a jẹ ẹ̀pà rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àbúrò mi obìnrin kú ní Iléṣà, mo sì lọ sin ín. Káyọ̀dé ló gbé ètò náà lọ sí ilé ìwé. Ọ̀gá ilé ìwé náà sọ fún un pé òun fẹ́ kí sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wà nínú àròpọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà yẹn, ètò àti àkọsílẹ̀ tí a fi kọ ọ́ jọ ń wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni, ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ lè yí i padà. Káyọ̀dé jókòó sí ọ́fíìsì ọkùnrin náà, ó ṣí ètò mi, ó sì yí i lójú ẹsẹ̀. Kò gbé e padà wá sí Airport Road. Kò dìde ní ìrọ̀lẹ́ Friday. Kò yí nọ́ńbà, kò yọ orúkọ mi. Bí ọmọ kan kò bá ní máàkì ní sáà kan, ètò tèmi á fo sáà náà kọjá. Tirẹ̀ ka òfìfo sí òdo, ó sì fi mẹ́ta pín in.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ivie. Sáà kejì ló dé ilé ìwé náà láti ibòmíràn, kò sì ní máàkì ní sáà àkọ́kọ́. Ọmọ tó mọ̀wé ni, gbogbo olùkọ́ rẹ̀ ló jẹ́rìí sí i lẹ́yìn náà. Èsì ìdánwò rẹ̀ jáde, ó ní ó fìdí rẹmi. Bàbá rẹ̀ ti ń wá ohun tí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ owó ilé ìwé tẹ́lẹ̀, ó ní òun kò ní fi owó òun ṣòfò lórí olódo. Ó mú ọmọ kúrò, ó fi í sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ. Nígbà tí àwọn òbí mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, tí wọ́n sì tún èsì náà ṣe, bàbá Ivie kò dá a padà. Ó ní ìwé tó jáde ti jáde.

Mo dé láti Iléṣà, mi ò tíì bọ́ aṣọ dúdú kúrò lọ́rùn, Ọ̀gá ti pe ìpàdé. Ó ju èsì ìdánwò náà sórí tábìlì.

"Whose number be this?"

Mo wò ó. "Tèmi ni, sà."

"Whose name?"

"Orúkọ mi ni. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni mo kọ."

Mo tan kọ̀ǹpútà mi, mo fi ètò tí mo kọ hàn wọ́n. Ó pé, kò lábùkù. Ọ̀gá wò ó, ó wo èyí tó ti ilé ìwé wá. Nọ́ńbà kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì. Orúkọ kan náà. Ó ní, "You don go repair your own after you hear the matter." Kí ni mo fẹ́ fi hàn án? Èwo ló ṣáájú, èwo ló kẹ́yìn? Osas méjì ló jáde wá jẹun.

Mo yíjú sí Káyọ̀dé. Akọ̀wé ilé ìwé tó gbé èsì náà wá ti sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé arákùnrin Yorùbá tó wá ló jókòó ti kọ̀ǹpútà náà di ọ̀sán. Mo ní, "Káyọ̀dé, sọ̀rọ̀. Torí Ọlọ́run, sọ̀rọ̀."

Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi kàn fi ètò yín sí i fún wọn ni."

Osagie mọ̀. Káyọ̀dé ti sọ fún un nídìí bọ́ọ̀lì, ìyàwó Osagie ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó pẹ́. Ṣùgbọ́n aláwàdà yẹn, ẹni tó ń béèrè ẹni tó bí ọmọ ní gbogbo Friday, kò béèrè lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá ní kí àwa ọmọ Yorùbá lọ parí ìjà wa nílé. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, n kò gbọdọ̀ pe nọ́ńbà mọ́. Kí n máa bá akọ̀wé tẹ lẹ́tà. Èmi! Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí oṣù tó parí, mo lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ọ̀gá ti kú. Osagie náà ti kú, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí tèmi. N kò lọ síbi òkú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí tó kù. Káyọ̀dé lọ kọ́ iṣẹ́ sí i ní Èkó, ó padà dé pẹ̀lú àká. Òun ló kọ́ gbogbo ìlú yìí bí ẹ̀rọ ṣe lè máa fa nọ́ńbà láti inú àká, kó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ètò láìsí ọwọ́ ènìyàn. Wọ́n ń pè é síbi àpérò, ó ń dúró níwájú àwọn ọ̀dọ́ ní Ugbowo. Ẹnì kan tó jókòó níbẹ̀ wá sọ fún mi bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó máa ń ní, "Arábìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà kan tó da nọ́ńbà rú, ọmọ ọlọ́mọ sì tìtorí rẹ̀ kúrò nílé ìwé. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ènìyàn." Wọ́n á pàtẹ́wọ́.

Ìpè nọ́ńbà sì parí. Kò sí ẹni tó ń gbé ohunkóhun sókè lọ́wọ́ ọ̀tún mọ́, kò sí ẹ̀pà, kò sí "Isẹ!" N kò lè sọ fún yín pé tiwa ló dára jù. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Tiwa dùn, ó ní ohùn, ó ní ẹ̀rín, ó sì pa mí. Tiyín kò lóhùn, kò rẹ́rìn-ín, ì bá sì ti gbà mí. Àmì kékeré yẹn tí Tọ́miwá fi hàn mí, àmì pé ọwọ́ kan ti kàn án, ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún lọ́jọ́ ìpàdé yẹn nìyẹn. Ó dé. Àwọn ọmọ ń fi í ṣeré.

Mo gbìyànjú láti bá Ivie sọ ọ́. Ó ti dàgbà, ó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Uwasota níbí, ìsọ̀ tó mọ́ tónítóní, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́. Mo gbé ánkárá lọ, mo ní kó bá mi rán bùbá. Ó kí mi dáadáa, "Kóyo, Mama," ó wọn mí láyà, ó wọn mí lápá. Nígbà tó béèrè orúkọ tí òun yóò kọ mọ́ aṣọ náà, mo dárúkọ mi. Ó ká okùn ìwọnṣọ rẹ̀ jọ, ó fi aṣọ náà lé mi lọ́wọ́.

"Mama, I sabi that name. E dey under my result."

Mo ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe èmi. Dúró, jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"No vex, Mama. I get plenty work." Ó sì yíjú sí máṣíìnì rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan títí mo fi jáde.

Aṣọ yẹn wà nínú àpótí mi títí di ìsinsìnyí.

Lóṣù tó kọjá, Káyọ̀dé wá síbí. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ó fi ọ̀pá gun àtẹ̀gùn yìí, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò gbà fún un, ó wá bẹ̀rẹ̀ ó fọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìsinmi."

"Ìsinmi wo? Jókòó bí o bá fẹ́ jókòó."

Ó jókòó sí ibi tí ìwọ tó wọ pupa yẹn jókòó sí. Ó ní dókítà ti sọ òótọ́ ara òun fún òun, òun kò sì fẹ́ gbé ẹrù lọ. Ó ní, "Èmi ni mo yí ètò yẹn, Ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé pé èmi ni. Iṣẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù kó má bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo mú àká wá kí ẹnikẹ́ni má baà lè ṣe irú rẹ̀ sí ẹlòmíràn láé."

"Sí ẹlòmíràn," ni mo wí.

Ó fi ìka nu omi òjò kúrò lára ọ̀pá rẹ̀.

"O sì ń dúró níwájú èrò, o ń sọ pé èmi ni mo da nọ́ńbà rú."

"Ẹ̀gbọ́n, ojú ló ń tì mí."

Ẹ má rò pé mo sunkún. Mo ti pọn ọ̀rọ̀ tí n óò sọ sílẹ̀ láti ìgbà tí ìyá Tọ́miwá ti wà ní kékeré. Mo ní, "Káyọ̀dé, èmi kò fẹ́ kí o dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá ti kú, Osagie ti kú, ẹni tí mo fẹ́ kó gbọ́ nínú wọn kò sí mọ́. Ẹnì kan péré ló kù láyé tí mo fẹ́ kó mọ̀. Dìde, mú ọ̀pá rẹ, ṣọ́ọ̀bù Ivie kò jìnnà. Sọ fún un lójú mi pé ìwọ ni, kí ọmọ yẹn lè bá mi rán aṣọ kí n tó kú."

Kò dìde. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé orí ẹsẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa á bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ọmọ.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń bọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fún mi lómi mu, ó ní ó dára bí àwa Yorùbá ṣe máa ń gbèjà ara wa, ṣùgbọ́n orúkọ yín lòun fi ojú ara òun rí lábẹ́ ìwé náà."